Oògùn, Òfin àti Ọjà Ìdúmọ̀tà

Bí ènìyàn bá ti orí Afárá Carter sọ̀ kalẹ̀ sí Ìdúmọ̀tà, tí ó sì la àárín èrò kọjá lọ sí ọ̀nà Ìsàlẹ̀ Èkó, kò ní í pẹ́ tí yóò fi rí pátákó tí wọ́n kọ PATENT MEDICINE STORE sí. Irú pátákó bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní gbogbo Nàìjíríà débi pé ojú wa kì í dúró lé e mọ́. Ẹni tí kò jókòó lórí àga ilé ìwé rí mọ ohun tí wọ́n ń tà níbẹ̀: oògùn orí fífọ́, oògùn ibà, oògùn ikọ́ ọmọdé, ìpara ẹsẹ̀ dídùn. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ inú orúkọ náà ni ó yẹ kí a wádìí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́, oògùn inú ìgò tí ẹnì kan pò, tí ó fi orúkọ ara rẹ̀ tà, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, ìbáà ṣe pé ọba fún un ní ìwé àṣẹ, ìbáà ṣe pé kò fún un. Orúkọ náà bá ọkọ̀ ojú omi dé Èkó, ó sì lẹ̀ mọ́ ara ògiri wa. Ṣùgbọ́n pátẹ́ǹtì tí àwọn amòfin ń sọ, tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń tìtorí rẹ̀ gbé ìjọba lọ sí kóòtù, ọ̀tọ̀ ni. Oògùn tí pátẹ́ǹtì ti kúrò lórí rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ni ó pọ̀ jù lábẹ́ pátákó wọ̀nyẹn. Èyí tí pátẹ́ǹtì ṣì wà lórí rẹ̀, owó rẹ̀ kì í sábà jẹ́ kí ó dé ibẹ̀.

Kí wá ni pátẹ́ǹtì? Ìwé ẹ̀tọ́ ni, tí ìjọba fún ẹni tí ó dá ohun tuntun sílẹ̀, pé fún iye ọdún kan (20 ni òfin tiwa wí) ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ ṣe nǹkan náà, kò gbọdọ̀ tà á, kò gbọdọ̀ kó o wọ̀lú, àfi bí ẹni tí ó ni ín bá yọ̀ǹda. Ohun tí ìjọba gbà lọ́wọ́ olúwarẹ̀ ni pé kí ó kọ bí ó ti ṣe é sílẹ̀ kedere, kí gbogbo ayé lè kà á, kí wọ́n sì lè máa ṣe é nígbà tí ọdún rẹ̀ bá pé.

Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń fi awo àwọn oníṣègùn wa wé e. Àfiwé náà kò gún. Ẹ lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́wẹ́-ọmọ àti àwọn lékuléjà tí a fi mọ ọjà Jánkárà. Ẹni tí ó mọ àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tí ó ń ṣiṣẹ́ kánkán kì í sọ ewé tí ó kó pọ̀ fún gbogbo ayé. Ọmọ rẹ̀ tàbí ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ni yóò sọ fún. Ṣùgbọ́n bí aládùúgbò rẹ̀ bá fi làákàyè ara rẹ̀ rí ewé kan náà, kò sí ẹni tí yóò dá a dúró lọ́jà. Awo fi ìmọ̀ pamọ́, kò de ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Pátẹ́ǹtì ní tirẹ̀ tú àṣírí síta, ó wá de ọwọ́ gbogbo ẹni tí ó kà á. N kò sọ pé awo sàn jù. Dókítà Ògúntọ́lá Sàpárà, tí wọ́n bí ní 1861, tí ó sì di ọ̀kan nínú àwọn dókítà ìjọba ní Èkó, wọ inú awo Ṣọ̀pọ̀ná láti mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, ó sì rí i pé àwọn kan níbẹ̀ ń fi èépá ara ẹni tí ìgbóná ń bá jà tan àrùn náà kálẹ̀. Ìròyìn rẹ̀ ni ìjọba dìde lé tí ó fi ka ẹgbẹ́ náà léèwọ̀. Àṣírí lè wo ènìyàn sàn, ó sì lè pa á. Ohun tí mo ń fẹ́ kí a rí ni pé Yorùbá ti mọ ìmọ̀ tí a fi pamọ́. Ìmọ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀, tí wọn kò sì gbọdọ̀ lò, ni ó jẹ́ àjèjì sí wa.

Èkó ti mọ oògùn òyìnbó kí ó tó mọ òfin yìí. Ní ọdún 1820 ni àwọn ará Faransé méjì, Pelletier àti Caventou, yọ kuníìnì jáde láti ara èèpo igi cinchona. Wọn kò gba pátẹ́ǹtì lórí rẹ̀. Wọ́n tẹ bí wọ́n ti ṣe é jáde fún ẹni tí ó bá fẹ́. Nígbà tí ọkọ̀ Pleiad gòkè odò Ọya ní 1854, tí Àjàyí Crowther wà nínú rẹ̀, kuníìnì ni Dókítà Baikie fi dáàbò bo àwọn òyìnbó inú ọkọ̀, kò sì sí èyí tí ó kú nínú wọn. Ibà tí ó ti ń ṣọ́ etí òkun wa láti ìgbà ìwáṣẹ̀ kò tún lè lé wọn padà mọ́. Ọdún méje lẹ́yìn náà ni wọ́n gba Èkó lọ́wọ́ Ọba Dòsùmú. Oògùn tí ẹnikẹ́ni kò há mọ́wọ́ wà lára ohun tí ó la ọ̀nà fún àwọn amúnisìn: ibi ìtàn yìí kò dùn mọ́ni, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni.

Ní ọdún 1887 ni Zacchaeus Bailey ṣí ilé ìtajà oògùn sí Balógun, tí àwọn apoògùn Nàìjíríà ń kà sí ìpilẹ̀ṣẹ̀ iṣẹ́ wọn títí di òní. Sir William MacGregor, tí ó jẹ́ gómìnà Èkó láti 1899 sí 1904, dókítà ni òun fúnra rẹ̀. Ó fa omi àbàtà, ó sì ní kí wọ́n máa pín kuníìnì lọ́fẹ̀ẹ́. Ní 1901 àwọn ìyáàfin ọ̀làjú Èkó dá Ladies' League sílẹ̀, wọ́n ń ru oògùn náà lọ bá àwọn ìyá àti ọmọ ní àdúgbò mẹ̀kúnnù. Kò pẹ́ tí àwọn ará Hóláńdì, tí wọ́n gbin igi náà sí erékùṣù Java, fi kó èyí tí ó pọ̀ jù nínú kuníìnì ayé sí ìkáwọ́ ara wọn. Láti 1913 ni ọ́fíìsì kan ní Amsterdam, Kina Bureau, ti ń pàṣẹ iye tí wọn yóò máa tà á. Kì í ṣe pátẹ́ǹtì nìkan ni a fi ń há oògùn mọ́.

Òfin pátẹ́ǹtì wọ Èkó ní ọdún 1900. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni òfin 1925, tí ó sọ pé pátẹ́ǹtì kan ṣoṣo tí a lè fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Nàìjíríà ni èyí tí wọ́n bá ti fún ènìyàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ jẹ́ kí a wo ìtumọ̀ rẹ̀ dáadáa. Bí apoògùn kan ní Òkè Pópó bá ṣe àwárí ohun tuntun ní ọdún 1930, Lọ́ńdọ̀nù ni yóò kọ́kọ́ gbé e lọ kí ó tó lè padà wá gba ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ nínú ìlú tí ó ti ṣe é. Bí ará Lọ́ńdọ̀nù bá sì ti gba tirẹ̀ lọ́hùn-ún, ìwé lásán ni yóò fi ránṣẹ́ kí ọwọ́ gbogbo Nàìjíríà tó di dídè. Òjìji òfin ẹlòmíràn ni òfin wa jẹ́ fún ọdún tí ó lé ní 45. Kódà lẹ́yìn òmìnira, nígbà tí Rhône-Poulenc ti ilẹ̀ Faransé àti May & Baker gbé Lodeka Pharmacy lọ sí ilé ẹjọ́ gíga Èkó lórí pátẹ́ǹtì oògùn ní 1965, ẹjọ́ tí àwọn amòfin ṣì ń tọ́ka sí, òfin 1925 náà ni ó wà lórí tábìlì.

Ogun abẹ́lé parí ní oṣù Kìíní 1970. Ní ọdún yẹn gan-an ni ìjọba Ọ̀gágun Gowon, tí Èkó jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, ṣe òfin ológun nọ́ńbà 60 lórí pátẹ́ǹtì, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá 1971, tí a sì ń lò di òní. Òfin náà gbà kí wọ́n fún ènìyàn ní pátẹ́ǹtì lórí oògùn. Bí ìwé rẹ̀ bá ti pé, wọ́n fún un. Ọ́fíìsì kò ní í yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ohun náà jẹ́ tuntun lóòótọ́. Èyí ni ìlẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní sùúrù láti ka òfin náà dé àfikún rẹ̀ àkọ́kọ́ yóò rí kọ́kọ́rọ́. Bí ẹni tí ó ni pátẹ́ǹtì kò bá lò ó ní Nàìjíríà láàárín ọdún mẹ́rin tí ó ti béèrè fún un, tàbí mẹ́ta tí ó ti gbà á, tàbí bí kò bá tà á tó fún àwọn tí ó ń fẹ́ ẹ ní ìwọ̀n owó tí ó tọ́, ilé ẹjọ́ lè fún ẹlòmíràn láṣẹ láti máa ṣe é, kí ó san owó tí ó bá yẹ fún un. Bí ọ̀rọ̀ bá kan ìlera ará ìlú, mínísítà lè kéde pé kí wọ́n má tilẹ̀ dúró de ọdún yẹn. Ó tún lè yan ẹnikẹ́ni láti ṣe oògùn náà, láti rà á tàbí láti tà á fún ìlò ìjọba, tí oníǹkan kò sì lè dí i lọ́wọ́. Mo ti ka àfikún yìí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ó sì máa ń yà mí lẹ́nu. Ẹni tí ó kọ ọ́ mọ ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ sí orílẹ̀-èdè aláìní.

Ní 1970 kan náà, ní New Delhi, ilé aṣòfin Íńdíà ń ṣe tirẹ̀. Àwa àti wọn ti jọ jẹ ẹrú Gẹ̀ẹ́sì, òfin Gẹ̀ẹ́sì ni a sì jọ jogún. Adájọ́ Ayyangar ti wádìí ọ̀rọ̀ náà fún wọn, ó sì ti fi àbọ̀ jẹ́ láti 1959 pé àwọn àjèjì ni ó ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú pátẹ́ǹtì Íńdíà, pé wọn kì í sì í sábà fi wọ́n ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ìpinnu tí wọ́n ṣe le ju tiwa lọ. Wọ́n ní àwọn kò ní í fún ẹnikẹ́ni ní pátẹ́ǹtì lórí oògùn fúnra rẹ̀ mọ́, bí kò ṣe lórí ọ̀nà tí ó gbà ṣe é. Ẹni tí ó bá rí ọ̀nà mìíràn gbà dé ìdí oògùn kan náà, òfin kò mú un. Àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì wọn jókòó ti iṣẹ́ yìí láti 1972 tí òfin náà ti bẹ̀rẹ̀. Cipla, tí Khwaja Abdul Hamied ti dá sílẹ̀ ní Bombay láti 1935, wà lára àwọn tí ó jàǹfààní rẹ̀ jù.

Kò yẹ kí a rò pé òfin nìkan ni ó kọ́ ilé iṣẹ́ náà. Ìjọba Íńdíà ti kọ́ ilé iṣẹ́ oògùn tirẹ̀ láti 1954, yunifásítì wọn ń kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́mísìrì, èrò sì pọ̀ nílé wọn tí yóò ra ọjà. Tiwa ńkọ́? Owó epo dé láìpẹ́ lẹ́yìn òfin wa. Ta ni yóò wá jókòó ti ìkòkò kẹ́míkà fún ọdún mẹ́wàá nígbà tí ọkọ̀ lè kó gbogbo rẹ̀ wá sí Àpápá lóṣù mẹ́ta? Àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó wá tẹ̀dó sí àgbègbè Èkó. Iṣẹ́ wọn gan-an ni láti kó èròjà tí wọ́n ti ṣe tán ní òkè òkun wọlé, kí wọ́n rọ ọ́ di hóró, kí wọ́n sì dì í sínú páálí. Íńdíà kọ ìlẹ̀kùn sílẹ̀, ó kọ́ ilé. Àwa gba ìlẹ̀kùn, a gba kọ́kọ́rọ́, a sì fi kọ́kọ́rọ́ há sára òrùlé.

Ohun tí ó hù ní ààyè ilé iṣẹ́ tí a kò kọ́ ni ọjà Ìdúmọ̀tà. Nígbà tí Sani Abacha bọ́ sórí rédíò ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 1983 láti kéde pé ológun ti gbàjọba, ara ẹ̀sùn tí ó ka sí ìjọba alágbádá lọ́rùn ni pé kò sí oògùn mọ́ ní ilé ìwòsàn. Àwọn ológun gbàjọba, oògùn kò padà wá. Ní 1986 ni ètò àtúntò ọrọ̀ ajé bẹ̀rẹ̀, tí náírà já wálẹ̀, tí iye owó gbogbo ohun tí a ń rà láti òkè òkun sì fò sókè. Aláìsàn tí ilé ìwòsàn ìjọba kọ ìwé oògùn fún, tí kò rí i níbẹ̀, tí apá rẹ̀ kò sì ká ti ilé apoògùn, ọjà ni yóò lọ. Nínú àwọn ilé alájà púpọ̀ àti àwọn ọ̀nà tóóró ní Ìdúmọ̀tà ni àwọn oníṣòwò ti ń tú páálí oògùn tà lódidi. Oníkẹ́mísì láti ìlú òkè wá ń rà á níbẹ̀, ilé ìwòsàn aládàáni ń rà á níbẹ̀, àwọn kan tí wọ́n ní ìwé ẹ̀rí apoògùn pàápàá ń rà á níbẹ̀. Ojúlówó wà níbẹ̀, ayédèrú wà níbẹ̀, èyí tí oòrùn ti pa agbára rẹ̀ náà wà níbẹ̀, ojú kan náà ni gbogbo wọn sì ní.

Mo mọ̀ pé ó rọrùn láti bú àwọn oníṣòwò wọ̀nyí. Àwọn kan nínú wọn yẹ fún èébú àti ẹ̀wọ̀n. Síbẹ̀, iṣẹ́ tí ìjọba pa tì ni wọ́n ń ṣe: àwọn ni ó ń gbé oògùn dé ìlú tí ọkọ̀ ilé iṣẹ́ ètò ìlera kì í dé. Ewu tí ó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tí ń rà kò mọ ibi tí oògùn ti wá. Ní ọdún 1990, omi oògùn paracetamol tí wọ́n fi kẹ́míkà olóró pò pa ọmọ tí ó lé ní 100, ní Ìbàdàn àti ní Jos. Inú ẹ̀rù irú ikú bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ṣe òfin tí ó dá àjọ NAFDAC sílẹ̀ ní 1993. Nígbà tí Dora Akunyili di olórí rẹ̀ ní 2001, tí àìsàn àtọ̀gbẹ ti pa àbúrò rẹ̀ obìnrin ní 1988 lórí ayédèrú oògùn, ó gbógun ti ọjà wọ̀nyí débi pé ìbọn bá gèlè lórí rẹ̀ ní oṣù Kejìlá 2003. Akọni ni. Ṣùgbọ́n kí a máa lé ayédèrú kiri láì wá ibi tí ojúlówó olówó pọ́ọ́kú yóò ti máa wá, bí ẹni ń gbọ́n omi inú ọkọ̀ tí kò dí ihò rẹ̀ ni.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kútì ti rí ihò náà ṣáájú. Nígbà tí ó jẹ́ mínísítà ètò ìlera lábẹ́ Babangida, wọ́n ṣe òfin 1989 tí ó to àwọn oògùn kòṣeémánìí lẹ́sẹẹsẹ, kí ìjọba lè máa ra èyí tí ó wúlò, ní orúkọ rẹ̀ gan-an, dípò orúkọ tí ilé iṣẹ́ kan fi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Òun náà ni ó jókòó níwájú àwọn akọ̀ròyìn ní Èkó ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹjọ 1997 tí ó sọ pé àrùn éèdì ni ó pa àbúrò òun, Fẹlá Aníkúlápó-Kútì. Ọ̀pọ̀ kò gbà á gbọ́. Ní ọjọ́ 11 oṣù náà, nígbà tí wọ́n tẹ́ òkú Fẹlá sí pápá Tafawa Balewa Square ní Erékùṣù Èkó, tí èrò wọ́ bí omi, àwọn tí ń sunkún níbẹ̀ ṣì ń jiyàn pé kò sí irú àrùn bẹ́ẹ̀. N kò sọ pé àìsí oògùn ni ó pa Fẹlá. Èyí kọjá ohun tí ó yẹ kí n wí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé láti 1996 ni wọ́n ti ń fi oògùn mẹ́ta pọ̀ tọ́jú àrùn náà ní Amẹ́ríkà, tí àwọn tí wọ́n ti ń múra ikú sì ń dìde lórí ibùsùn. Iye tí ẹnì kan ń ná lórí rẹ̀ lọ́dún lé ní 10,000 dọ́là. Pátẹ́ǹtì wà lórí àwọn oògùn náà. Nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí ó kún pápá ní ọjọ́ náà, àwọn tí kòkòrò yìí ti wà lára wọn láìmọ̀ kò ní í ṣàì sí níbẹ̀, wọn kò sì lè rí 10,000 dọ́là láéláé.

Ní oṣù Kejì 2001, Yusuf Hamied, ọmọ ẹni tí ó dá Cipla sílẹ̀, kéde pé òun yóò ta oògùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà ní 350 dọ́là fún ẹnì kan lọ́dún fún àwọn Dókítà Aláìlẹ́nu-ibodè, tí orúkọ Faransé wọn ń jẹ́ Médecins Sans Frontières. Láti 10,000 sí 350! Oògùn kan náà ni. Òfin 1970 ní New Delhi ni ìyàtọ̀ àárín wọn. Ní oṣù Kẹrin ọdún náà, ilé iṣẹ́ oògùn 39 tí ó ti pe ìjọba Gúúsù Áfíríkà lẹ́jọ́ lórí òfin oògùn rẹ̀ fi ìtìjú kó ẹjọ́ náà kúrò ní kóòtù. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà pàdé ní Àbújá lórí àrùn éèdì, Ọbásanjọ́ sì ni ó gbà wọ́n lálejò. Nígbà tí ó fi di oṣù Kọkànlá, Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé gbà ní Doha pé àdéhùn TRIPS, tí ó sọ pátẹ́ǹtì oògùn di dandan fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, kò gbọdọ̀ dí orílẹ̀-èdè lọ́wọ́ láti dáàbò bo ìlera ará ìlú. Ohun tí àfikún òfin wa ti sọ láti ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn ni gbogbo ayé péjọ láti sọ yìí.

Ìjọba Nàìjíríà lọ ra ti Íńdíà. Ètò tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2002 wà fún àgbàlagbà 10,000 àti ọmọdé 5,000, ní ibùdó ìtọ́jú 25. Aláìsàn ń san 1,000 náírà lóṣù, ìjọba ń san ìyókù. Fún orílẹ̀-èdè tí àwọn tí ó ní kòkòrò náà tó mílíọ̀nù mélòó kan, ẹ̀kán omi nínú ọ̀sà ni, síbẹ̀ òun ni ètò tí ó tóbi jù ní ilẹ̀ Áfíríkà nígbà tí wọ́n kéde rẹ̀. Nígbà tí ó di ìparí 2003, oògùn tán ní àwọn ibùdó. Ẹni tí ó mọ bí oògùn yìí ti ń ṣiṣẹ́ mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí a ń dá dúró fún oṣù mẹ́ta. Kòkòrò náà yóò ti kọ́ bí a ti ń borí rẹ̀ kí wọ́n tó tún padà wá. Kì í ṣe pátẹ́ǹtì ni ó fa èyí, àìbìkítà ni. Ìgbà tí ó di 2006 ni wọ́n tó sọ ọ́ di ọ̀fẹ́, lẹ́yìn tí owó ìrànlọ́wọ́ Amẹ́ríkà ti wọlé.

Àwọn kan wà tí wọ́n sọ pé ọ̀rọ̀ pátẹ́ǹtì ni wọ́n ń fi bo àléébù wa mọ́lẹ̀. Amir Attaran àti Lee Gillespie-White yẹ oògùn éèdì 15 wò ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà 53, wọ́n sì tẹ àbọ̀ wọn jáde ní 2001: wọ́n rí i pé ní ibi púpọ̀, kò sí ẹni tí ó tilẹ̀ gba pátẹ́ǹtì lórí wọn. Òṣì, ni wọ́n wí, ni ó ń dènà oògùn. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, kò sì yẹ kí a fi ìbínú dá a nù. Ṣùgbọ́n wọ́n wo ìlẹ̀kùn tí kì í ṣe òun ni ó kàn wá jù. Ìlú tí kì í ṣe oògùn, pátẹ́ǹtì tí ó wà ní ilé rẹ̀ kò tó nǹkan. Èyí tí ó wà níbi tí wọ́n ti ń ṣe oògùn tí ó fẹ́ rà ni ó ń dè é. Àgádágodo Ìdúmọ̀tà kò sí ní Ìdúmọ̀tà. Ó ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù rí lábẹ́ òfin 1925, ó sì kọjá sí Bombay. Nígbà tí Íńdíà, nítorí àdéhùn TRIPS, yí òfin rẹ̀ padà ní 2005, tí ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fúnni ní pátẹ́ǹtì lórí oògùn, ọ̀rọ̀ Èkó ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ pè wá síbẹ̀.

Ẹ tún wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kẹwàá 2024. Gilead ti Amẹ́ríkà, tí ó ni pátẹ́ǹtì lórí lenacapavir, abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún tí ó ń dènà kòkòrò éèdì, fún ilé iṣẹ́ mẹ́fà láṣẹ láti máa ṣe é fún orílẹ̀-èdè 120. Nàìjíríà wà lára àwọn tí wọn yóò máa tà á fún. Nínú ilé iṣẹ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, mẹ́rin jẹ́ ti Íńdíà, ọ̀kan ti Pakistan, ọ̀kan ti Íjíbítì. A dúpẹ́ pé wọn kò yọ wá sílẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ oníbàárà ni orúkọ tí a jẹ́ níbẹ̀.

Ní oṣù Kẹjọ 2023 ni GSK ti kéde pé òun ń kógbá kúrò ní Nàìjíríà. Láàárín oṣù díẹ̀, Augmentin àti Ventolin di ọ̀wọ́n gógó. Alábọ́ọ̀mì tí ń lo Ventolin láti fi mí wá ń fi ẹ̀mí rẹ̀ ṣírò náírà. Ó ti pẹ́ tí pátẹ́ǹtì ti kúrò lórí Ventolin. Ẹnikẹ́ni lè ṣe é. Ọ̀rọ̀ yìí, ní tèmi, ni ó yẹ kí a fi wọn ara wa ju ti éèdì lọ: ibi tí òfin kò ti dè wá, kí ni a ṣe?

Ní oṣù Kìíní 2025, Ààrẹ Trump dá owó ìrànlọ́wọ́ Amẹ́ríkà fún òkè òkun dúró, ẹ̀rù sì ba àwọn tí ń gba oògùn éèdì lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejì, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí bílíọ̀nù 4.8 náírà láti ra àdìpọ̀ oògùn náà 150,000. Láàárín oṣù kan náà, àwọn òṣìṣẹ́ NAFDAC, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Mojísọ́lá Adéyẹyè ń darí, kó ọlọ́pàá àti ológun wọ Ìdúmọ̀tà, wọ́n ti ọjà oògùn pa, bí wọ́n ti ti àwọn ti Onitsha àti Aba. Wọ́n tú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n kó ayédèrú àti èyí tí ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀ jáde. Ó ti pẹ́ tí ìjọba ti ń sọ pé òun yóò kó ọjà náà lọ sí ibi tí apoògùn yóò ti máa ṣọ́ ọ. Ọjọ́ tí wọ́n dá sì ti yẹ̀ léraléra. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n ní kí àwọn tí ó ní ṣọ́ọ̀bù san owó ìtanràn, wọ́n sì ṣí i padà. Àwọn alábàárù tún gbé páálí lérí, wọ́n ń pariwo kí èrò yàgò lọ́nà, orúkọ Íńdíà sì wà lára ọ̀pọ̀ nínú àwọn páálí náà.